Labalábá Inú Kọ́tìnì Nígbà Òtútù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ohun gbogbo ló ní ìgbà tirẹ̀. Ìgbà òjò ni ti olú, ìgbà ọyẹ́ ni ti ètè tó ń là, ìgbà tí òdòdó bá sì ń tanná ni ti labalábá. Ọmọ tó ń lépa labalábá kiri pápá ilé ìwé mọ èyí láìjẹ́ pé olùkọ́ kankan kọ́ ọ. Ìdí nìyí tí ẹnu fi máa ń ya ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Ìlú Ọba nígbà tí wọ́n bá rí labalábá nínú yàrá ní oṣù Ọ̀pẹ tàbí oṣù Ṣẹẹrẹ, ní àárín gbùngbùn ìgbà òtútù tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní wíńtà. Lóde, igi ti wọ́wé tán, koríko ti funfun fún ìrì dídì. Nínú ilé, labalábá pupa rúsúrúsú kan ń fi ìyẹ́ lu gíláàsì fèrèsé bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Ẹni tó bá bá a pàdé báyìí sábà máa ń ṣe ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta. Àwọn kan a mú ìgbálẹ̀, wọn a gbá a pa, nítorí wọ́n rò pé òólá tó ń jẹ aṣọ nínú àpótí ni. Àwọn kan a ṣí fèrèsé kí ó lè máa lọ, nítorí wọ́n rò pé ńṣe ló há sínú ilé. Àwọn kan a sì gbé e sún mọ́ ibi tó móoru, wọn a po omi ṣúgà síwájú rẹ̀, wọn a ní kí ó máa gbádùn. Ìkà tàbí àìmọ̀ ni ti àkọ́kọ́. Àánú ni ti méjì tó kù. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ wò ni pé ibì kan náà ni ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábà máa ń já sí: labalábá náà kì í fojú rí ìgbà ìrúwé. Báwo ni àánú ṣe lè bí irú ọmọ tí ìkà bí? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìgbé ayé labalábá fúnra rẹ̀.

Labalábá kò pọ̀ ní Ìlú Ọba bí ó ti pọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Irú bíi 59 ni àwọn onímọ̀ kà pé ó ń gbé ibẹ̀ tàbí tó ń wá síbẹ̀ déédéé, nígbà tí ti Nàìjíríà nìkan ju 1,000 lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn 59 yìí ló ń la ìgbà òtútù kọjá gẹ́gẹ́ bí ìdin, ní ìdí koríko. Àwọn kan ṣì wà nínú ẹyin. Àwọn mìíràn wà nínú èèpo tí ìdin máa ń sùn sí kí ó tó hu ìyẹ́. Márùn-ún péré ló máa ń dúró de òtútù pẹ̀lú ìyẹ́ lára, gẹ́gẹ́ bí àgbà labalábá. Nínú márùn-ún yìí, méjì ni ilé ènìyàn máa ń wù jù.

Àkọ́kọ́ ni Aglais urticae. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi èèpo ẹ̀yìn ìjàpá sọ ọ́ lórúkọ, nítorí àwọ̀ pupa, dúdú àti ìyeyè tó pín ara rẹ̀ yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Nítorí náà, a lè pè é ní labalábá ahun. Èkejì ni Aglais io. Ẹyẹ ọ̀kín ni wọ́n fi sọ òun lórúkọ, nítorí pé lórí ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ohun kan wà tó jọ ojú gbàràgàdà, gẹ́lẹ́ bí èyí tó wà lára ìrù ọ̀kín. Carl Linnaeus, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló kọ́kọ́ fún àwọn méjèèjì ní orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ọdún 1758. Ewé kan tó ń jóni lára bí èsìsì ni urticae ń tọ́ka sí lédè Látìn. Orí ewé náà ni àwọn labalábá méjèèjì ń yé ẹyin sí, òun náà sì ni oúnjẹ ìdin wọn. Ewé tí ènìyàn ń sá fún ni ìyá àwọn labalábá wọ̀nyí ń fi ọmọ rẹ̀ sí.

Orúkọ ahun yìí bá a mu lọ́nà mìíràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀. Lédè Yorùbá, ahun ni ìjàpá, ahun náà sì ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le koko mọ́ owó. Ahun gidi ni labalábá yìí nígbà òtútù. Láti oṣù Ògún títí wọ inú oṣù Ọwẹ́wẹ̀, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa fa omi dídùn inú òdòdó lọ, kí ó sì máa sọ ọ́ di ọ̀rá sínú ara. Ọ̀rá yìí ni gbogbo owó tó ní. Kò ní rí òmíràn gbà títí òdòdó ìgbà ìrúwé yóò fi tanná, èyí tó lè tó oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà sí i. Bí ó bá ná an kánkán, yóò kú kí ọjà tó ṣí.

Ohun tó ń sọ fún un pé òtútù ń bọ̀ ni bí ọjọ́ ṣe ń kúrú. Ẹni tí kò kúrò nílẹ̀ Yorùbá rí lè má tètè lóye èyí, nítorí pé ní Ìbàdàn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù lọ́dún kò tó wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa ju wákàtí mẹ́rìndínlógún lọ ní oṣù Òkúdu; ní oṣù Ọ̀pẹ, kì í pé mẹ́jọ. Bí labalábá bá ti rí i pé ọjọ́ ń sún kì, yóò wá ibi tó ṣókùnkùn, tó tutù, tó sì gbẹ. Láyé àtijọ́, inú ihò igi àti inú ihò àpáta ló ń lọ. Lójú rẹ̀, ilé ènìyàn kò yàtọ̀ sí ihò àpáta. Ó lè gba ojú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ wọlé ní oṣù Ògún láìsí ẹni tó kíyè sí i. Yóò rá wọ ìṣẹ́po kọ́tìnì, tàbí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, tàbí kí ó gun àjà lọ, yóò sì pa ìyẹ́ dé. Abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ kò ní àwọ̀ mèremère kankan. Ó dúdú bí ewé tó ti gbẹ. Nítorí náà, ènìyàn lè fa kọ́tìnì kan náà láràárọ̀ fún oṣù mẹ́ta kí ó má mọ̀ pé àlejò wà níbẹ̀. Kì í jẹ, kì í mu, kò sì jọ pé ó ń mí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹni tó sùn báyìí kò ní ohun ìjà. Bí eku tàbí ẹyẹ bá fọwọ́ kan labalábá ọ̀kín, yóò la ìyẹ́ rẹ̀ pàù, ojú mẹ́rin yóò yọ lójijì, yóò sì máa fi ìyẹ́ gbo ara wọn títí wọn yóò fi máa dún ṣìì bí ejò. Ní ọdún 2005, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Stockholm tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kó labalábá ọ̀kín fún àwọn ẹyẹ kékeré tó ń jẹ kòkòrò. Nínú 34 tí ojú ara ìyẹ́ wọn pé, ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹyẹ pa. Nínú 20 tí wọ́n fi ọ̀dà bo ojú náà mọ́lẹ̀, 13 ló kú. Ẹ̀rù lásán ni ó fi ń gba ara rẹ̀ là, ẹ̀rù náà sì tó o.

Ṣùgbọ́n kò sí ojú tó lè fi dẹ́rù ba ooru. Labalábá kò ní ooru tirẹ̀ nínú ara gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ní. Bí ibi tó wà bá ti rí ni ara rẹ̀ ń rí. Bí yàrá bá tutù, ara rẹ̀ yóò dákẹ́, ọ̀rá rẹ̀ yóò sì máa lọ díẹ̀díẹ̀ bí epo fìtílà tí wọ́n rẹ òwú rẹ̀ sílẹ̀. Bí yàrá bá móoru, ara rẹ̀ yóò rò pé ìgbà ìrúwé ti dé. Yóò jí, yóò rí ìmọ́lẹ̀ lójú fèrèsé, yóò sì máa fò lọ fò bọ̀ lára gíláàsì. Gbogbo ìlù ìyẹ́ yẹn, owó ahun ni ó ń ná. Àwọn àgbà ní àfòpiná tó ní òun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Àfòpiná lọ bá iná fúnra rẹ̀ ni. Labalábá yìí kò lọ bá ẹnikẹ́ni. Iná ló wá ká a mọ́ ibi tó sùn sí.

Ọ̀rọ̀ ilé tún dá kún un. Títí di nǹkan bí ọdún 1970, ọ̀pọ̀ jù lọ ilé ní Ìlú Ọba ni kò ní ẹ̀rọ tó ń mú gbogbo yàrá móoru lẹ́ẹ̀kan náà. Yàrá tí wọ́n ti ń dáná nìkan ló máa ń móoru. Yàrá ibùsùn a tutù bí inú kànga. Labalábá tó sùn síbẹ̀ kò ní ìṣòro. Lóde òní, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tí kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọdún Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí òtútù bá mú, tí àlejò sì ń bọ̀, wọn a gbé ooru sókè. Àsìkò yẹn gan-an ni labalábá máa ń yọ.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ilé ọmọ Yorùbá kan ní ìlú Leeds. Nọ́ọ̀sì ni ìyá ilé náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà, ìyá rẹ̀ sì ti wá láti Ọ̀yọ́ ní oṣù Bélú láti bá a wẹ ọmọ. Nítorí ọmọ tuntun àti ìyá àgbà, ẹ̀rọ amúlégbóná kì í sinmi tọ̀sán tòru. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù Ṣẹẹrẹ, nígbà tí ìyá ilé sùn lọ lẹ́yìn tí ọmọ kò jẹ́ kí ó fojú ba oorun lóru, ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pariwo láti pálọ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ wá wò ó! Labalábá!"

Ìyá àgbà dé, ó wò ó títí. "Àlejò ń bọ̀ nìyẹn, ọkọ mi. Ní agbo ilé tiwa, bí labalábá bá wọlé, a kì í pa á."

"Kí ló ń ṣe lára fèrèsé?"

"Ọ̀nà ló ń wá. Ẹ̀dá Ọlọ́run kò fẹ́ àhámọ́. Ṣí i fún un kí ó máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀."

Ọmọ náà ṣí fèrèsé. Labalábá fò jáde, ṣùgbọ́n kò fò jìnnà. Orí ògiri ọgbà ló bà lé. Ó la ìyẹ́ sí oòrùn, oòrùn tó ń tàn tí kò sì ní ooru nínú. Ó fẹ́ gbéra, kò lè gbéra mọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹyẹ dúdú kan tí àgógó rẹ̀ pọ́n bí ọsàn sọ̀ kalẹ̀, ó ṣa á mì.

Igbe ọmọ náà ló jí ìyá rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó kọ́kọ́ kí ìyá rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màámi. Ẹ kò fi ibi ṣe é."

Ìyá àgbà kò dáhùn títí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Oore ni mo rò pé mò ń ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà ì bá tán síbẹ̀, nítorí kí ni labalábá kan já mọ́ lójú àgbàlagbà? Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ yìí béèrè ìbéèrè kan nídìí oúnjẹ. Ó ti gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé ńṣe ni irú labalábá bẹ́ẹ̀ ń sùn nígbà òtútù. Ó wá ní, "Tó bá jẹ́ pé ó ń sùn, ta ló jí i?"

Ìyá àgbà wo ẹ̀rọ amúlégbóná lára ògiri. "Èmi ni, ọkọ mi. Torí tèmi ni wọ́n ṣe ń tan nǹkan yìí."

"Rárá o, Màámi," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Torí ọmọ tuntun ni. Torí gbogbo wa ni."

Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, òmíràn yọ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá àgbà kò sọ̀rọ̀ fèrèsé. Ó ní kí ọmọ má fọwọ́ kàn án, kí ó lọ pe ìyá rẹ̀. Wọ́n rọra fi páálí bàtà gbà á, wọ́n lu ihò sí i lára, wọ́n sì dá ojú kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí labalábá lè gbà jáde. Ilé pákó tó wà nínú ọgbà, níbi tí wọ́n ń kó ọkọ́ àti àdá sí, ni wọ́n gbé e lọ. Ìyá àgbà ró ìborùn mọ́ra, ó tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó dé ẹnu ilé pákó náà, ara rẹ̀ gbọ̀n.

"Ibi òtútù yìí lẹ ó fi í sí? Kò ní kú?"

"Òtútù yìí gan-an ló ń pa á mọ́, Màámi. Tó bá móoru, á jí, ebi á sì pa á kú."

Ìyá àgbà mi orí. "Ohun tó ń pa mí ló ń gbà á là. Ayé mà fẹ̀ o."

Ó ti padà sí Ọ̀yọ́ nígbà tí oṣù Ẹrẹ̀nà dé. Ọmọ náà ló pè é lórí fóònù: "Ìyá àgbà, mo wo páálí yẹn lónìí. Kò sí nínú rẹ̀ mọ́." Ìbéèrè tí ìyá àgbà kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ó lọ ni, àbí ó kú?" Ọmọ ní òun kò bá òkú kankan níbẹ̀, páálí náà ṣófo ni. Ìyá àgbà ní, "Ó lọ nìyẹn."

Ohun tí ìdílé yìí ṣe lẹ́ẹ̀kejì bá ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ mu. Ẹgbẹ́ Butterfly Conservation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìlú Ọba ní ọdún 1968 láti dáàbò bo labalábá, a máa gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n rọra gba labalábá tó bá jí sínú páálí tàbí ohun tó jọ ọ́, kí wọ́n sì gbé e sí ibi tó tutù fún bí ààbọ̀ wákàtí kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé pákó, ilé mọ́tò, tàbí ibi mìíràn tí kò sí ooru, tí òjò kò sì lè pa á. Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbàgbé: ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ojú tí labalábá lè gbà jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí ìgbà ìrúwé bá dé. Ẹni tó gbé e pamọ́ tó sì ti ilẹ̀kùn pa, sàréè ló gbé e sí.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ eré ni pé labalábá ahun ti ń di ohun àwátì. Láti ọdún 1976 ni wọ́n ti ń ka labalábá létòlétò ní Ìlú Ọba. Nígbà tí wọ́n ṣírò títí dé ọdún 2024, wọ́n rí i pé labalábá ahun ti dín kù ní ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún 2024 náà ló burú jù fún un nílẹ̀ England láti ìgbà tí ìkànìyàn labalábá yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí ojú ọjọ́ tó ń yí padà, sí oògùn apakòkòrò, àti sí eṣinṣin kan, Sturmia bella, tó dé Ìlú Ọba ní ìparí àwọn ọdún 1990, tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ ìdin labalábá láti inú wá. Ìyẹn nìkan kọ́. Labalábá tó bá sùn la òtútù kọjá ni yóò gùn ní ìgbà ìrúwé, òun ni yóò sì yé ẹyin. Abo labalábá ahun kan lè yé ẹyin tó ọgọ́rin tàbí ọgọ́rùn-ún sí abẹ́ ewé kan ṣoṣo. Nítorí náà, ẹni tó bá pa ọ̀kan nínú kọ́tìnì rẹ̀ ní oṣù Ṣẹẹrẹ, ó ti pa agbo ilé kan.

Sísùn nìkan kọ́ ni ọgbọ́n tí labalábá ní fún àsìkò líle. Èyí tí wọ́n ń pè ní Vanessa cardui kò lè fara da òtútù Ìlú Ọba rárá, nítorí náà ńṣe ló ń sá lọ. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2012 fi hàn pé ní ìgbà ìwọ́wé, wọ́n ń fò padà sí gúúsù lókè réré, níbi tí ojú ènìyàn kò lè tó wọn. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e sì fi hàn pé wọ́n ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Nílẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, níbi tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti gba ipò òtútù, Melanitis leda a máa pààrọ̀ aṣọ. Èyí tó bá jáde nígbà òjò a ní àmì ojú róbótó-róbótó lábẹ́ ìyẹ́; èyí tó bá jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a sì jọ ewé gbígbẹ tó bọ́ sílẹ̀, débi pé ènìyàn lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó tó mọ̀. Àṣálẹ́ ló máa ń fò, ó sì máa ń wọ ilé bá ìmọ́lẹ̀ iná. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wà ní Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́ lè wá a láàárín ewé gbígbẹ abẹ́ igi máńgòrò nígbà ọyẹ́.

Ọ̀kan sùn, ọ̀kan sá lọ, ọ̀kan pa aṣọ dà. Kò sí èyí tó lè ṣe ti ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni tó bá ju labalábá ahun síta pé kí ó lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀, ti èyí tó ń sá lọ ni ó fẹ́ kó ṣe. Ẹni tó bá sì fún un ní ooru àti ṣúgà ní oṣù Ṣẹẹrẹ, ti ènìyàn ni ó fẹ́ kó ṣe. Àwọn àgbà mọ irú àṣìṣe yìí tipẹ́; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Labalábá ni wọ́n fi òwe náà bá wí, ṣùgbọ́n ó bá àwa ènìyàn wí pẹ̀lú, nítorí pé ènìyàn náà a máa fi labalábá wé ara rẹ̀.

Ibí yìí ni àánú ti lè bí ọmọ tí ìkà bí. Aláàánú wo ara rẹ̀, ó rí i pé òtútù kò dára fún òun, ó sì pinnu pé kò lè dára fún ẹlòmíràn. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ni pé, kí ni èyí tó wà níwájú mi yìí fi ń yè? Ìbéèrè yìí wúlò fún olùkọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Nínú kíláàsì gbogbo, akẹ́kọ̀ọ́ kan a máa wà tó jókòó sí ẹ̀yìn, tí kì í nawọ́, tí kì í sọ̀rọ̀ ní sáà àkọ́kọ́ títí sáà yóò fi parí. Olùkọ́ kan lè ti ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kún ọ̀lẹ, kí ó sì pa á tì. Olùkọ́ mìíràn, tó lójú àánú, lè máa fà á dìde lójoojúmọ́ pé kí ó bá ẹgbẹ́ pé, títí ìtìjú yóò fi lé e kúrò nílé ìwé. Ó lè jẹ́ pé ńṣe ni ọmọ náà ń kó ọ̀rá rẹ̀ jọ. Ohun tó nílò lè má ju igun tó dákẹ́ lọ, olùkọ́ tó mọ̀ pé òun wà níbẹ̀, àti ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ nígbà tí àsìkò tirẹ̀ bá tó.

Sùúrù ni baba ìwà, ṣùgbọ́n sùúrù tí ìmọ̀ wà nínú rẹ̀ ni. Ẹni tó gbé labalábá sínú páálí tó sì lọ jókòó sídìí iná tirẹ̀ kò pa á tì. Ó ti mọ ìgbà, ó ti dá ojú ọ̀nà sí i, ó sì ti fi ìyókù sílẹ̀ fún oṣù Ẹrẹ̀nà.